Ẹ̀yin tó fẹ́ ra wágọ̀nù olówó ńlá ní Ìdáàṣà, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sì í ṣe ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémíjàn. Mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ni, tí òrùlé rẹ̀ nà gbọọrọ títí dé ibi búùtù, èyí tí àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè ní wágọ̀nù, tí àwa tó wà lábẹ́ èdè Faransé sì ń pè ní bréèkì. Orúkọ kejì yẹn máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ bí ará Ìbàdàn bá wà níbẹ̀: ẹ ní ẹ fẹ́ ta bréèkì yín, ó rò pé bíréèkì ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ tú tà. Nítorí náà, wágọ̀nù la máa pè é.

Àwọn olówó ńlá inú wọn ló kàn wá: Mercedes E, Volvo V70, Audi A6, BMW 5 àti irú wọn. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n, wọ́n ti lò wọ́n dáadáa ní Yúróòpù kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ó yẹ kí oníṣòwò tó ń gbé Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti máa fi lọ sọ́jà, láti máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé, àti láti máa fi rìnrìn àjò?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Owó tí oníṣòwò fi ń ra mọ́tò báyìí kì í ṣe owó àṣẹ́kù. Owó kaṣú ọdún kan ni, tàbí owó àjọ tí wọ́n kó fún un, tàbí owó tí ọmọ tó wà ní Faransé fi ránṣẹ́ pé kí bàbá má gun ọ̀kadà mọ́. Bí ọkọ̀ náà bá dákẹ́ sẹ́yìn ilé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló dákẹ́, ọjà tó yẹ kí wọ́n fi owó yẹn rà náà ti lọ.

Èrò tiwa rèé ká tó máa ṣàlàyé. Wágọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ bá wa mu gan-an, bóyá la fi rí ọkọ̀ mìíràn tó bá ìgbésí ayé oníṣòwò mu tó o. Ohun tí kò bá wa mu ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn tó ń ṣe é ti kó sínú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2000 kó lè jẹ́ ti olówó. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì ju àmì tó wà ní imú rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò mọ Ìdáàṣà máa rò pé òkè ni wàhálà ọkọ̀ níbẹ̀. Òkè 41 ni wọ́n máa ń sọ pé ìlú náà ní, àpáta ńláńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n mọ́tò kì í gùn wọ́n. Àárín wọn là ń gbà. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti Kútọnu wá, tó tó nǹkan bí 200 kìlómítà, Ìdáàṣà ló ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Glazoué àti agbègbè Ṣábẹ́ lọ sí Párákú, ìkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Lórí ọ̀dà yìí, kò sí ọkọ̀ tó dùn ún gùn tó wágọ̀nù Jámánì. Ó dúró ṣinṣin, kò pariwo, ẹ̀yìn kì í ro èèyàn bó bá dé Kútọnu. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà, tẹ́ ẹ bá dorí kọ àwọn oko àti abà tó yí Soclogbo, Lèma tàbí Gbaffo ká.

Nígbà òjò, omi á ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa náà sí kòtò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà á le, á máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á wọ gbogbo ihò tó bá wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá fi òkúta tó yọrí láàárín ọ̀nà kún un. Wágọ̀nù olówó ńlá kò ga nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn kọjá táyà. Òkúta tí ọkọ̀ akẹ́rù kò ní mọ̀ pé òun kọjá lórí ẹ̀ lè lu ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yín jò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé wágọ̀nù kò lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa, nítorí a ti rí èyí tó ṣe é. Peugeot 504 jáde ní 1968, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi í ṣe mọ́tò ọdún ní Yúróòpù. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń to ó ní Kádúná. Wágọ̀nù rẹ̀, àti ti 505 tó tẹ̀ lé e, ló gbé àwọn òbí wa káàkiri láti Èkó dé Párákú. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìlà kẹta ọkọ̀ yẹn, tí orúnkún kan àgbọ̀n, kò ní gbàgbé. Wọn kò ṣe 504 fún fáàrí. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo tó nípọn ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì wágọ̀nù náà pọ̀, sípíríǹgì 4 ló gbé e ró níbẹ̀, méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Bí sípíríǹgì kan bá kán, alágbẹ̀dẹ lè wá nǹkan ṣe sí i. Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí mẹkáníìkì kò lè fojú rí, kó fọwọ́ kàn.

Irú ọgbọ́n kan náà wà lára àwọn olówó ńlá àtijọ́. Ẹ wo Mercedes tí wọ́n ṣe láàárín 1985 sí 1996, èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí 124. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mu gáásóìlì kò nílò kọ̀ǹpútà kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù epo rẹ̀, irin lásán ni. Ṣéènì ló ń yí inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, àpò gààrí á jókòó síbẹ̀ bí ẹni wà nínú yàrá. Nínú òmíràn, ìjókòó kékeré kan wà tí wọ́n ká mọ́ abẹ́ búùtù, tí ọmọ méjì lè jókòó sí kí wọ́n kọjú sẹ́yìn, kí wọ́n máa wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ ju iwájú lọ.

Ọkọ̀ yìí náà ní àléébù kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, epo àti gáàsì tó wà nínú ìkòkò irin kéékèèké ló ń ran sípíríǹgì lọ́wọ́, kí ẹ̀yìn má bàa dẹnu kọlẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Nǹkan tó dára ni nígbà tó wà ní tuntun. Bí ìkòkò náà bá ti gbó, ọkọ̀ á máa ta gìjà lórí gbogbo kòtò bíi pé kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá. Ó ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé yọ kúrò pátápátá kí wọ́n fi sípíríǹgì líle dípò rẹ̀, ìyẹn la fi ń pè é ní àléébù kékeré.

Ti àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Mercedes E tí wọ́n ń pè ní 211 dé, tí wágọ̀nù rẹ̀ jáde ní 2003, rọ́bà tó kún fún afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Audi ti ṣáájú wọn: èyí tí wọ́n ń pè ní allroad, wágọ̀nù A6 tí wọ́n gbé ga, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló wà lórí rọ́bà afẹ́fẹ́. Ní ojú ọ̀nà Jámánì, ńṣe ló dà bí ẹni ń gun ìkùukùu. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni rọ́bà. Oòrùn ń gbẹ ẹ́, eruku ń há sí ibi tó ti ń ká kò, ọdún ń gorí ọdún. Bó bá ti ya díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jò, pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ ẹ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí tí òun náà á fi jóná. Ẹ máa jí láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ẹ máa rí i pé ọkọ̀ ti kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí tó fẹ́ kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì ní dìde. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè wo irú àìsàn yẹn sàn.

211 yẹn kan náà tún ní bíréèkì tó gbára lé iná mànàmáná. Ní 2004, Mercedes fúnra wọn pe ọkọ̀ bíi 680,000 padà nítorí rẹ̀, nígbà tó sì di 2006, wọ́n pa á tì, wọ́n padà sí bíréèkì tí gbogbo ayé mọ̀. Tí ẹni bá fẹ́ ta 211 fún yín, ọdún tí wọ́n ṣe é ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í, kì í ṣe iye tó fẹ́ gbà.

Volvo ńkọ́? Lójú tiwa, ìjókòó Volvo dára fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ju ti Jámánì lọ, ara rẹ̀ sì le. V70 tí wọ́n ṣe kí ọdún 2000 tó dé ni a fara mọ́ jù. Àmọ́ bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì ọlọ́nà 5 tó wà nínú rẹ̀. Bí bẹ́líìtì náà bá já lójijì, irin inú ẹ́ńjìnnì á gbá ara wọn, ẹ́ńjìnnì mìíràn lẹ máa wá rà. Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló máa sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ epo ló tún kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí gbèsè láìmọ̀. Láti nǹkan bíi 2009 sí 2011, òfin Yúróòpù ti mú kó di dandan pé kí mọ́tò tuntun tó ń mu gáásóìlì ní asẹ́ kan lára sàlẹ́ńsà, tó ń gba èéfín dúdú. Asẹ́ náà máa ń sun ìdọ̀tí tó bá gbà, ṣùgbọ́n kìkì ìgbà tí ọkọ̀ bá sáré lọ jìnnà tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná dáadáa ló ń ṣe é. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé ìjọsìn ló ń rìn, asẹ́ rẹ̀ á dí. Bí gáásóìlì bá tún ní imí ọjọ́ púpọ̀ nínú, á yára dí sí i. Iná kékeré á tàn níwájú awakọ̀, agbára ọkọ̀ á dín kù, mẹkáníìkì á ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí Kútọnu kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wò ó. Owó wíwọ́ ọkọ̀ láti Ìdáàṣà lọ sí Kútọnu nìkan tó láti ra òbúkọ.

Ti àwọn tó ń mu bẹntiróòlù, tí àwa ń pè ní ẹsáńsì, rọrùn díẹ̀, bí ẹ bá lè jáwọ́ nínú kpayo. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ìyá wa tó ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó kórìíra ọjà wọn. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà àti ti Peugeot àtijọ́ lè fara dà á. Ẹ́ńjìnnì tó ní sẹ́ńsọ̀ lára, tó ń wọn epo ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kò lè fara da omi tàbí ìdọ̀tí tó bá wà nínú rẹ̀. Àǹfààní owó tí èèyàn ń rí nídìí kpayo pàápàá kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde ní Nàìjíríà pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹrù, nítorí ìdí ẹrù gan-an ni oníṣòwò fi ń wá wágọ̀nù. Àwọn ọkọ̀ tá a ń sọ yìí, ohun tí wọ́n lè gbé láìṣe ara wọn léṣe jẹ́ nǹkan bíi 500 sí 600 kìlógíráámù, èèyàn àti ẹrù lápapọ̀. Ká ní àgbàlagbà márùn-ún wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráámù 70: ìyẹn jẹ́ 350. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju 150 sí 250 lọ. Àpò àgbàdo kan tó kún dáadáa jẹ́ nǹkan bí 100 kìlógíráámù. Àpò méjì péré nìyẹn! Ẹ wá lọ wo wágọ̀nù tó bá ń ti ọjà Glazoué bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, pẹ̀lú iṣu ní búùtù, iṣu lórí òrùlé, èèyàn mẹ́jọ nínú, adìyẹ lábẹ́ ìjókòó. Kò sí ọkọ̀ olówó ńlá tó lè ṣe ìyẹn fún ọdún kan. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kíkó iṣu tàbí kíkó gààrí láti Paouignan, ẹ má ra Mercedes. Ẹ ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹrù, tàbí kẹ́ ẹ máa háyà. Wágọ̀nù olówó ńlá wà fún oníṣòwò fúnra rẹ̀, ẹbí rẹ̀, àti ẹrù díẹ̀ tó bá tẹ̀ lé wọn.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ká máa gbèjà irú ọkọ̀ yìí, ìyẹn ni ààbò. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì èrò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn ní Ìdáàṣà níbẹ̀ yẹn, iná sọ, ó kéré tán ogún èèyàn ló bá a lọ. Ojú ọ̀nà yìí ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tó ń ti èbúté lọ sí òkè ọya ń gbà, tọ̀sántòru. Ẹni tó bá ń rìn láàárín wọn lójoojúmọ́ kò jẹ̀bi tó bá fẹ́ irin tó nípọn yí ara rẹ̀ ká, tó sì fẹ́ bíréèkì tó ń mú lójú ẹsẹ̀. Wágọ̀nù Mercedes àti Volvo ní ìyẹn.

Wọ́n ní in nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n o. Ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún, tí èábáàgì rẹ̀ ti yọ nígbà kan rí tí wọ́n kàn fi ike bo ojú ibẹ̀, tí táyà rẹ̀ ti gbẹ, kò ní ààbò kankan ju 504 lọ. Táyà pàápàá, ẹ má fojú dídán rẹ̀ rà á. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ nínú ihò kékeré kan: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Bẹ́ ẹ bá rí 3514, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ra rédíò tuntun sínú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó rèé. Ní 2020, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ pé mọ́tò àlòkù tó tó mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànù láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún kan náà, ìjọba Nẹ́dálándì yẹ àwọn tó ń ti èbúté tiwọn wá sí Áfíríkà wò, wọ́n rí i pé ọjọ́ orí wọn jẹ́ bí ọdún 18 ní ìpíndọ́gba, wọ́n sì ti rin kìlómítà tó lé ní 200,000. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti yọ ìkòkò tó ń fọ èéfín mọ́ tà kí ọkọ̀ tó wọ ojú omi. Àjọ ECOWAS wá pinnu pé láti oṣù kìíní ọdún 2021, mọ́tò tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n tí Yúróòpù ń pè ní Euro 4, èyí tó di òfin lọ́dọ̀ wọn ní nǹkan bíi 2005.

A fara mọ́ ìpinnu yẹn. Àwa la ń fa èéfín yẹn símú, àwọn ọmọ wa ló ń wú ikọ́. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí fún oníṣòwò: òfin fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń wọlé jẹ́ tuntun díẹ̀, ọwọ́ mẹkáníìkì àdúgbò ka ti àtijọ́ nìkan. Bí ìjọba bá fẹ́ kí á fi 124 sílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní agbègbè Collines ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí gáásóìlì tó wà ní ilé epo náà sì mọ́ tó bí asẹ́ yẹn ṣe fẹ́. Kíkọ òfin sórí ìwé kò ní kí rọ́bà afẹ́fẹ́ má bẹ́.

Ìdí nìyẹn tá a fi rò pé ẹni tó bá fẹ́ wágọ̀nù olówó ńlá lónìí kò gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ibi tí wọ́n to mọ́tò sí ní Kútọnu. Nígbà tí Nàìjíríà fòfin de gbígbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, tí wọ́n sì tún ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ pàdánù oníbàárà tó pọ̀ jù, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó ti wà nílẹ̀ wa, tẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń gùn ún, tẹ́ ẹ sì mọ mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gun 124 kan náà láti ọdún mẹ́wàá, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dára ju èyí tó ń dán ní Kútọnu lọ.

Bẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù kí olówó rẹ̀ tó tán an. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná máa ń fi àrùn pa mọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá jẹ́ búlúù, ó ń mu ọ́ìlì; bó bá funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ wo omi rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù, bó bá ní ọ̀rá lójú, ẹ máa lọ ilé yín. Bó bá jẹ́ èyí tó ní rọ́bà afẹ́fẹ́ ni, ẹ ní kó sùn sí ojú kan mọ́jú, kẹ́ ẹ fi ìka wọn bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ga tó lálẹ́ àti láàárọ̀. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn, ó ṣeé yí padà. Pédà ẹsẹ̀ àti awọ ìjókòó awakọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ọkọ̀ tí wọ́n ní kò rìn ju 90,000 kìlómítà lọ, tí pédà rẹ̀ sì ti jẹ dé irin, ti rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ wé tinú ìwé rẹ̀, ìlà kan má ṣe yàtọ̀.

Lórí owó, ohun tá a máa ń sọ fún àwọn tó bá bi wá léèrè ni pé kí wọ́n pín owó ọwọ́ wọn sí mẹ́ta kí wọ́n sì fi méjì péré ra ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní mílíọ̀nù 3 fráǹkì, ẹ wá ọkọ̀ mílíọ̀nù 2. Mílíọ̀nù kan tó kù ni táyà, bẹ́líìtì, ọ́ìlì, ṣọ́ọ̀kì, bátìrì, ìwé, ìdánilójú-ewu àti owó orí ọkọ̀. Ẹ rántí pé bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá ná mílíọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ríra, owó ọjà ló máa fi tún un ṣe, a sì ti rí ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Ẹ tún ronú ọjọ́ títà: ẹni tó ní Toyota Corolla onílé gígùn lè rí ẹni rà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olówó Audi allroad á fi oṣù mélòó kan wá ẹni tí kò tíì gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tiwa ni, tí owó náà kì í ṣe owó ọjà, 124 oní-gáásóìlì la máa rà, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, 210, tí kò ní ìdípẹta púpọ̀ lábẹ́. Bí ọwọ́ kò bá tó o, Toyota tàbí Peugeot 406 onílé gígùn á ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láìsí àmì tí àwọn èèyàn ń nawọ́ sí. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà nìkan, tó sì máa ń lọ sí Kútọnu tàbí Párákú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lè dán Volvo wò. 211, allroad, àti gbogbo gáásóìlì tó ní asẹ́ èéfín, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé Kútọnu máa gùn ún títí tí ìmọ̀ àtúnṣe rẹ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ló wà fún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wágọ̀nù ránṣẹ́ sí bàbá tàbí ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì tó wà nílé lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi í èwo ló mọ̀ tún ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà wọ ojú omi, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù omi rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Asẹ́ ọ́ìlì àti asẹ́ afẹ́fẹ́ tó máa tó ọdún méjì, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹ má kó wọn sínú búùtù, wọn kì í sábà bá ọkọ̀ dé Ìdáàṣà.